Bí A Ṣe Ń Ka Àkọsílẹ̀ Broca ti Ọdún 1861: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn Tí Kò Mọ Ọpọlọ, àti Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Tí Kò Mọ Ìtàn

Bí a bá gbé àkọsílẹ̀ tí Paul Broca, dókítà oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Faransé, ṣe ní ọdún 1861 nípa ọkùnrin kan tí kò lè sọ̀rọ̀ síwájú akẹ́kọ̀ọ́, tí a sì ní kí ó sọ ohun tí àkọsílẹ̀ náà fi hàn, ìdáhùn tí a sábà máa ń rí gbà ni pé Broca gé ọpọlọ ọkùnrin náà wò, ó sì fi hàn pé apá òsì ọpọlọ ni ènìyàn fi ń lo èdè. Gbólóhùn náà já geere, ṣùgbọ́n àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Broca kò gé ọpọlọ náà wẹ́wẹ́. Odindi ló fi í pamọ́. Kò sọ ní ọdún 1861 pé apá òsì nìkan ni iṣẹ́ yìí wà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èdè lápapọ̀ ló ń sọ nípa rẹ̀, bí kò ṣe agbára láti fi ẹnu pe ọ̀rọ̀, nítorí pé ọkùnrin náà ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá bá a sọ ní àgbọ́yé.

Ibi méjì ni àṣìṣe yìí ti ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn a máa fo ibi tí ọ̀rọ̀ ọpọlọ bá ti le, a sì mú ìparí rẹ̀ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mọ ọpọlọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì lónìí ló máa ń kà sínú ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ṣáájú, kì í ṣe àlàyé tí ẹlòmíràn ṣe nípa rẹ̀. Méjì ni, ẹ sì nílò méjèèjì. Èyí tó kúrú ni ọ̀rọ̀ tí Broca sọ níwájú Société d'Anthropologie, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn, ní Paris ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1861. Èyí tó gùn jáde nínú ìwé ìròyìn Société Anatomique, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara, ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. "Remarques sur le siège de la faculté du langage articulé" ni àkọlé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé lè rí ìtúmọ̀ méjèèjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì tí wọ́n ń pè ní Classics in the History of Psychology.

Ẹ wá àwòrán ọpọlọ kan tí a yà láti ẹ̀gbẹ́ òsì, tí orúkọ ẹ̀yà nìkan wà lára rẹ̀. Ẹ wá ìwé àjákọ kan àti pẹ́ńsù. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó gbọ́ Faransé dáadáa, ẹ bẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí ẹ óò nílò rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Ìpele Kẹrin.

Ìpele Kìíní: Ẹ mọ ọpọlọ dé ibi tí àkọsílẹ̀ náà yóò mú yín dé

Ẹ kò nílò láti mọ gbogbo ẹ̀yà ọpọlọ. Àwọn tí Broca dárúkọ ni kí ẹ mọ̀, kí ẹ sì mọ̀ wọ́n débi pé ẹ kò ní máa yẹ àwòrán wò ní gbogbo ìgbà.

Ẹ gbé àwòrán náà síwájú yín kí iwájú orí kọjú sí ọwọ́ òsì yín. Ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ ni ẹ ń wò yẹn. Èyí tó tóbi jù, tó bo ìyókù mọ́lẹ̀, ni ọpọlọ ńlá. Ìlàjì méjì ni, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Lábẹ́ rẹ̀ níhà ìpàkọ́ ni ọpọlọ kékeré wà, tó ń bá wa ṣètò ìrìn àti ìdúró. Ọ̀pá ọpọlọ ló so wọ́n mọ́ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ojú ọpọlọ ńlá kò tẹ́jú. Ó rí bí oko tí wọ́n kọ ebè sí, tí poro sì wà láàárín ebè kan àti èkejì. Ebè àti poro ni n óò máa pè wọ́n láti ibí lọ. Poro méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Poro Sylvius jìn, ó sì hàn ketekete: ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ níwájú, ó dagun lọ sí ẹ̀yìn àti òkè. Poro Rolando sọ̀kalẹ̀ láti àtàrí wá sí ọ̀dọ̀ ti Sylvius, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín méjì ọpọlọ. Gbogbo ohun tó wà níwájú Rolando, lókè Sylvius, ni ìpín iwájú orí. Ẹ̀yìn Rolando ni ìpín àtàrí. Abẹ́ Sylvius ni ìpín ẹ̀bá etí. Ìpín ìpàkọ́ wà lẹ́yìn pátápátá.

Ẹ padà sí ìpín iwájú orí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ebè mẹ́ta ló nà síwájú níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ti òkè ni èkíní, ti àárín ni èkejì, ti ìsàlẹ̀, tó jókòó lé poro Sylvius lórí, ni ẹ̀kẹta. Ìlàjì ẹ̀yìn ebè kẹta yìí ni kí ẹ fi pẹ́ńsù yí po. Bí a bá fi ìka méjì la poro Sylvius, a óò rí ebè mìíràn tó fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Insula ni wọ́n ń pè é. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò lè dé láìjẹ́ pé a gé ọpọlọ tàbí pé ìbàjẹ́ ti ṣí i sílẹ̀, ni corpus striatum wà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí apá àti ẹsẹ̀ máa ń kọjá sí òdì kejì ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ọpọlọ. Nítorí náà, bí ìlàjì òsì bá bàjẹ́, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń rọ.

*Ẹ ṣọ́ra níbí.* Òsì tí a ń sọ ni òsì ẹni tó ni ọpọlọ, kì í ṣe òsì ẹni tó ń wo àwòrán. Bí wọ́n bá ya ọpọlọ láti òkè, tí iwájú orí sì wà lókè ojú ìwé, òsì olọ́pọlọ àti òsì yín bára mu. Bí wọ́n bá yà á láti ìsàlẹ̀, wọ́n yí padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kọ odindi ìdáhùn lórí apá tí kò bàjẹ́ nítorí èyí. Ẹ má sì lo àwòrán tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà oríṣiríṣi pẹ̀lú iṣẹ́ tí ibì kọ̀ọ̀kan ń ṣe, nítorí ìdáhùn tí ẹ ń wá ti wà lára irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ka gbólóhùn kan nínú Broca.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ ya ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ láti inú orí, pẹ̀lú poro méjèèjì àti ebè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe ẹwà àwòrán là ń wá. Bí ebè kẹta bá wà lókè poro Sylvius, tó sì wà níwájú Rolando, ẹ lè tẹ̀síwájú.

Ìpele Kejì: Ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó ń kọ ọ́ sí, àti àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀

Ẹni ọdún 36 ni Broca ní oṣù Kẹrin ọdún 1861. Oníṣẹ́ abẹ ni ní ilé ìwòsàn Bicêtre, lẹ́bàá Paris, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó àti àwọn aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Òun náà ló dá Société d'Anthropologie sílẹ̀ ní ọdún 1859, nítorí náà inú ilé ara rẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tó dìde láàárín wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, ìbéèrè méjì ló gba ẹgbẹ́ náà kan. Ǹjẹ́ títóbi ọpọlọ ní í ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n? Ǹjẹ́ ibì kọ̀ọ̀kan nínú ọpọlọ ní iṣẹ́ tirẹ̀, àbí gbogbo rẹ̀ ló jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀? Pierre Gratiolet kò gbà pé a lè pín iṣẹ́ ọpọlọ sí ibì kọ̀ọ̀kan. Ernest Aubertin gbà pé ó ṣeé pín, ó sì di èrò bàbá ìyàwó rẹ̀ mú, Jean-Baptiste Bouillaud, tó ti ń sọ láti ọdún 1825 pé iwájú ọpọlọ ni agbára ìsọ̀rọ̀ wà. Aubertin tilẹ̀ sọ ní gbangba pé bí a bá rí ẹyọ aláìsàn kan tí kò lè sọ̀rọ̀, tí iwájú ọpọlọ rẹ̀ sì yè, òun yóò jọ̀wọ́ èrò náà. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni òjìji Franz Joseph Gall wà, ẹni tó ní a lè fi ọwọ́ tẹ gegele orí ènìyàn kí a sì mọ ìwà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti kọ ẹ̀kọ́ Gall sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní ibì kan nínú ọpọlọ ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní láti fi hàn pé òun kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Gall. Bí ẹ bá mọ èyí, ẹ óò lóye ìdí tí Broca fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ti oṣù Kẹjọ, tó sì fi fara balẹ̀ ya ebè ọpọlọ sọ́tọ̀ kúrò lára gegele agbárí.

Àárín àríyànjiyàn yìí ni wọ́n gbé Leborgne, ọkùnrin tí kò lè sọ̀rọ̀ náà, ẹni ọdún 51, wá sí wọ́ọ̀dù Broca nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó wú tó sì ń jẹrà. Broca pe Aubertin kí ó wá fi ojú ara rẹ̀ wo aláìsàn náà kí ó tó kú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, Leborgne kú. Ní ọjọ́ kejì, ọpọlọ rẹ̀ ti wà níwájú ẹgbẹ́.

*Ẹ ṣọ́ra níbí.* Ẹ má da àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn. Ti oṣù Kẹrin jẹ́ ohun tí ènìyàn sọ ní ọjọ́ kejì ikú aláìsàn. Ti oṣù Kẹjọ ti ní oṣù mélòó kan ìrònú nínú. Ẹni tó bá kọ "Broca sọ ní 1861" láì sọ èyí tó ń tọ́ka sí nínú méjèèjì kò tíì sọ ohun tó ṣeé yẹ̀ wò.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ kọ gbólóhùn kan fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ta ló sọ ọ́, ta ló ń gbọ́, ọjọ́ wo ni, ìbéèrè wo ni àwọn olùgbọ́ fẹ́ kí ó dáhùn. Bí gbólóhùn méjèèjì bá jọra, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpele yìí.

Ìpele Kẹta: Ẹ ya ohun tí ó rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí ó rò

Ìpele yìí ló gba àkókò jù, òun ni n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Ẹ fa ilà sí ojú ìwé kí ó di ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kìíní: ohun tí Broca fi ojú tàbí etí ara rẹ̀ mọ̀. Ọ̀wọ́ kejì: ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ fún un. Ọ̀wọ́ kẹta: ohun tí ó fi òye gbé kalẹ̀. Ọ̀wọ́ kẹrin: ohun tí ẹ̀yin fi òye tiyín gbé kalẹ̀ nígbà tí ẹ ń kà á. Ọ̀wọ́ kẹrin yìí ni àwọn ènìyàn kì í ní, òun ló sì ń jẹ́ kí èrò tiwọn wọ inú ọ̀rọ̀ Broca láì kan ilẹ̀kùn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan ní fínnífínní. Broca bi Leborgne pé ọdún mélòó ló ti lò ní Bicêtre. Ọkùnrin náà la ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀lé ara wọn, ó sì fi ìka kan kún un: mọ́kànlélógún, èyí sì pé. Ní ọjọ́ kejì, Broca tún ìbéèrè náà bi, ìdáhùn kan náà ló rí gbà. Nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, Leborgne rí i pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe fún òun, inú bí i, èébú kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sí i lẹ́nu sì jáde, èyí tí Broca ní òun kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan yẹn lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, "tan, tan" ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀, pẹ̀lú ìfarasọ̀rọ̀ oríṣiríṣi.

Níbo ni ẹ óò kọ èyí sí? Ìka tó là àti èébú tó gbọ́ wà ní ọ̀wọ́ kìíní. Pé Leborgne mọ̀ pé ìdánwò ni, ọ̀wọ́ kẹta ni. Broca ló ka ìbínú náà bẹ́ẹ̀, kò sì burú bó ṣe kà á, ṣùgbọ́n òye ni. Ọwọ́ wo ló là? Apá ọ̀tún Leborgne ti rọ láti ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ọwọ́ òsì ni yóò jẹ́. Bí ẹ bá dé ìparí yẹn fúnra yín, ọ̀wọ́ kẹrin ni ẹ óò kọ ọ́ sí, bí ó tilẹ̀ dá yín lójú.

Ọ̀wọ́ kejì ńkọ́? Ìtàn àìsàn náà ló kún ibẹ̀. Leborgne ti ní wárápá láti ìgbà èwe. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ pàdánù, tí wọ́n fi mú un wá sí Bicêtre. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì tẹ̀lé e. Broca kò sí níbẹ̀ fún gbogbo èyí. Lẹ́nu àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó ń tọ́jú wọn ló ti gbọ́ ọ. Lẹ́nu àwọn kan náà ló ti gbọ́ pé Leborgne jẹ́ onímọ̀tara-ẹni-nìkan àti agbẹ̀san, àti pé wọ́n tilẹ̀ ń fẹ̀sùn olè kàn án. Kíyè sí i pé àwọn tó sọ èyí kórìíra rẹ̀. Broca fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá sí ọpọlọ náà. Nígbà tí wọ́n ṣí agbárí, Broca rí ihò kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì tó lè gba ẹyin adìẹ, omi sì kún inú rẹ̀. Ìlàjì ẹ̀yìn ebè kẹta ti parun, ìbàjẹ́ náà sì tàn dé ebè àyíká rẹ̀, dé insula, dé corpus striatum. Ó wọn ọpọlọ náà lẹ́yìn tí omi ti ṣàn jáde, kò ju gíráàmù 987 lọ. Ọ̀wọ́ kìíní ni gbogbo èyí. Ó wá fi kún un pé ó fi nǹkan bí 400 gíráàmù dín sí ti ọkùnrin ọlọ́dún àádọ́ta. Ìfiwéra ni ìyẹn, ó wà ní ọ̀wọ́ kẹta. Ẹ rántí àwọn olùgbọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ ní Ìpele Kejì: àwọn ènìyàn tó ń jà lórí títóbi ọpọlọ ni. Ìwọ̀n yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán létí wọn.

Ìparí tí gbogbo ayé mọ Broca mọ́, òye ni látòkèdélẹ̀. Ó ronú báyìí: ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ lọ, apá rọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nítorí náà ibi tí ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò jẹ́ ibi ọ̀rọ̀, ibi tó tàn dé lẹ́yìn náà ló mú apá rọ. Ebè kẹta ló bàjẹ́ jù, nítorí náà ibẹ̀ ló ṣeé ṣe jù kí ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìrònú yìí lágbára, ó sì wú mi lórí títí di òní. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúró lórí ọ̀wọ́ kejì: bí àwọn aláìsàn inú wọ́ọ̀dù bá ṣi ọdún tí apá náà rọ rántí, gbogbo rẹ̀ mì.

*Ẹ ṣọ́ra níbí.* Ẹ má ṣe kọ odindi ìpínrọ̀ sí ọ̀wọ́ kan. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, Broca lè rí nǹkan, kí ó gbọ́ nǹkan, kí ó sì rò ó. Ẹ gé gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀wọ́ kẹta àti ìkẹrin. Ǹjẹ́ ọ̀wọ́ méjì tó kù lè dúró láìsí ọ̀rọ̀ bíi "nítorí náà" tàbí "ó ṣeé ṣe kí"? Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, òye ti yọ́ wọlé.

Ìpele Kẹrin: Ẹ ka ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó ní ọdún náà

Ìpele yìí kò gùn. Ọ̀rọ̀ tí Broca lò fún àìsàn náà ni aphémie. "Aphasie" tí a mọ̀ lónìí wá láti ọwọ́ Armand Trousseau, dókítà ilẹ̀ Faransé mìíràn, ní ọdún 1864, nítorí náà ẹ má fi sí Broca lẹ́nu ní 1861. Langage articulé jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ẹnu pè. Broca yà á sọ́tọ̀ kúrò lára agbára láti mú èrò àti àmì pọ̀, èyí tó gbà pé kò bàjẹ́ lára Leborgne. Ẹ bi ẹni tó gbọ́ Faransé léèrè lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí ẹ má bàa gbára lé ìtúmọ̀ kan ṣoṣo.

*Ẹ ṣọ́ra níbí.* Ọ̀rọ̀ náà "òsì" wà nínú àkọlé ti oṣù Kẹrin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i, wọ́n sì ní ó tán. Broca ń sọ ibi tí ìbàjẹ́ wà lára ọkùnrin kan ni. Kò sọ pé òfin ni fún gbogbo ènìyàn. Ọdún 1865 ló tó sọ ọ́ gbangba pé ìlàjì òsì ni iṣẹ́ ìsọ̀rọ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ wá gbogbo ibi tí "òsì" ti jáde nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bóyá ó ń ṣàpèjúwe ni tàbí ó ń ṣe òfin.

Ìpele Karùn-ún: Ẹ béèrè ẹni tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀

Leborgne ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, òun nìkan sì ni kò lè sọ tirẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nípa ìwà rẹ̀ wá láti ẹnu àwọn tó kórìíra rẹ̀, ohun tí a mọ̀ nípa òye rẹ̀ sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dán an wò nígbà tó ń kú lọ. Ó dùn mí púpọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìwé kò pè é ní orúkọ kankan ju "Tan" lọ, bí ẹni pé ilé ìwòsàn ni wọ́n bí i sí. Broca kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ pè é ní Leborgne.

Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba ilẹ̀ Faransé tí wọ́n wá tú wò ní ọ̀rúndún yìí fi hàn pé Louis Victor ni orúkọ rẹ̀, Moret ni wọ́n bí i sí, olùkọ́ sì ni bàbá rẹ̀. Ọmọ olùkọ́ ni ẹni tí àwọn ìwé kan ti sọ di púrúǹtù.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ ò bá bi Leborgne bí ó bá lè dáhùn. Bí àkọsílẹ̀ Broca bá lè dáhùn gbogbo rẹ̀, ẹ kò tíì ronú jìn tó.

Ìpele Kẹfà: Ẹ gbé ẹ̀rí mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìtò ọdún

Ẹ̀rí tó sún mọ́ ọn jù wá ní ọdún 1861 kan náà. Arúgbó ẹni ọdún 84 kan tó ń jẹ́ Lelong, tí ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ṣẹ́kù sí lẹ́nu, kú ní Bicêtre, Broca sì tún rí ìbàjẹ́ ní ebè kẹta, lápá òsì. Ti Lelong kéré ju ti Leborgne lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi wúlò jù: ìbàjẹ́ ńlá kò lè sọ fún ni ibi tí iṣẹ́ wà gan-an.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Marc Dax, dókítà gúúsù ilẹ̀ Faransé tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1836 pé pípàdánù ọ̀rọ̀ bá ìbàjẹ́ ìlàjì òsì rìn. Ìwé rẹ̀ kò jáde ní títẹ̀ títí di ọdún 1865, nígbà tí ọmọ rẹ̀, Gustave, gbé e jáde. Ẹ kọ ọdún méjèèjì sílẹ̀, nítorí ọdún tí a kọ ìwé àti ọdún tí àwọn ènìyàn lè kà á kì í ṣe ohun kan náà.

Ẹ̀rí tó ṣọ̀wọ́n jù ni ọpọlọ náà fúnra rẹ̀. Nítorí pé Broca kọ̀ láti gé e, tó fi í sínú ọtí líle, tó sì gbé e fún Musée Dupuytren ní Paris, ó ṣeé ṣe fún àwọn olùwádìí tí Nina Dronkers léwájú wọn láti fi ẹ̀rọ MRI ya inú ọpọlọ Leborgne àti ti Lelong, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Wọ́n rí i pé ìbàjẹ́ Leborgne jìn wọ inú ju ohun tí ojú lè rí lọ, ó kan insula, ó sì kan àwọn fọ́nrán tó so iwájú ọpọlọ mọ́ ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí a kò fi lè sọ pé ebè kẹta nìkan ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

*Ẹ ṣọ́ra níbí.* Ẹ má fi ọdún 2007 na Broca ní pàṣán. Ó mọ̀ pé inú lọ́hùn-ún wà tí òun kò rí; ó yàn láti má bà á jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ẹ̀rí tuntun ń ṣe ni pé ó ń sọ fún wa ìhà tí ọ̀wọ́ kìíní rẹ̀ kò dé.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ to ẹ̀rí yín lọ́dọọdún: 1836, oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹjọ 1861, 1865, 2007. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bóyá Broca lè ti mọ̀ ọ́n nígbà tó ń kọ̀wé ní oṣù Kẹjọ 1861. Ti Dax máa ń fa àríyànjiyàn. Ẹ jẹ́ kí ó fà á.

Ìpele Keje: Ẹ kọ ìtumọ̀ tiyín

Ìpínrọ̀ kan tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí Broca rí, kí ẹ sọ ẹni tí ó ti gbọ́ ìyókù, kí ẹ sọ ìrònú rẹ̀ pẹ̀lú iye ìdánilójú tí òun fúnra rẹ̀ fi sí i, kí ẹ tó sọ èrò yín. Bí àpẹẹrẹ: "Nínú àkọsílẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Broca ṣàpèjúwe ìbàjẹ́ kan ní ìlàjì òsì ọpọlọ Leborgne, èyí tó le jù ní ẹ̀yìn ebè kẹta ìpín iwájú orí. Ó gbára lé ìtàn tí àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ láti pinnu pé ọ̀rọ̀ ti lọ ṣáájú kí apá tó rọ, ó sì fi èyí rò ó pé ibẹ̀ ló ṣeé ṣe jù kí ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára pé ènìyàn lè pàdánù ọ̀rọ̀ ẹnu láì pàdánù òye. Ẹ̀rí rẹ̀ lórí ibi pàtó tí ọ̀rọ̀ wà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìbàjẹ́ náà tóbi, ìtàn rẹ̀ sì wá láti ẹnu àwọn ẹlòmíràn."

*Àyẹ̀wò.* Ẹ fún ẹlòmíràn tí kò ka Broca rí ní ìpínrọ̀ yín, kí ẹ ní kí ó fa ilà sábẹ́ ohun tí Broca rí, kí ó yí ohun tí ẹ̀yin rò po. Bí kò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ tún un kọ.

Nígbà tí ìpínrọ̀ náà bá yege, ẹ lọ dán ọ̀nà yìí wò lórí ìwé Thomas Willis, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa ọpọlọ, *Cerebri Anatome*, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1664. Latin ni ó fi kọ ọ́, Christopher Wren, ẹni tó wá di ayàwòrán-ilé ńlá lẹ́yìn náà, sì wà lára àwọn tó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ wá àwòrán ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti yí po bí òrùka. Ẹ ó ní láti fi ọ̀wọ́ karùn-ún kún ojú ìwé yín níbẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe àlàyé àti ẹni tó yà á kì í ṣe ẹnì kan náà, oníṣẹ́ ọnà tó gbẹ́ ẹ sára pátákó ìtẹ̀wé sì tún lè jẹ́ ẹni kẹta. Kí ẹ sì rántí pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti wò ó, òsì ti di ọ̀tún.